Mo fẹ́ gun Manaslu pẹ̀lú àwọn amọ̀nà: kí ni kí n bèèrè kí n tó sanwó?

Àdùkẹ́Mọ́níyà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ Mọ́níyà ni mí, Leeds ni mo ń gbé, ẹni ọdún 38 ni mí. Láti ìgbà tí mo ti dé orí Kilimanjaro, 5,895 mítà, ọkàn mi ò kúrò lórí òkè mọ́. Mo ti lo ìgbà òtútù méjì ní Scotland, níbi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi crampon, irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà, rìn lórí yìnyín àti bí èèyàn ṣe ń fi àáké yìnyín dá ara rẹ̀ dúró tó bá yọ̀. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀ báyìí, mo sì fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ikọ̀ tí àwọn amọ̀nà máa kó lọ sí Manaslu ní Nepal. 8,163 mítà ni, òun ló ṣìkẹjọ nínú àwọn òkè tó ga jù láyé.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ti dá iye lé e fún mi. Ọ̀kan ní 13,000 dọ́là, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn, gbogbo wọn ló sì ní gbogbo nǹkan wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, kí ni kí n bi wọ́n? Kí ni ẹ̀yin ìbá fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀? Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mò ń lò. Màmá mi ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀.

ỌmọÒwu

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra. Mo lọ sí Manaslu ní 2023. Mi ò dé orí rẹ̀. Nǹkan bí 7,900 mítà ni mo ti ṣẹ́rí padà. Màá sọ bó ṣe jẹ́ tó bá yá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yín.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyí: lóru ọjọ́ tí a bá gbéra ní ibùdó kẹrin, èyí tó kẹ́yìn kí a tó dé ṣóńṣó, ta ló ń bá mi lọ, ṣé èmi nìkan ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́? Nígbà tí mo lọ sí Himlung, 7,126 mítà, ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìkànnì wọn pé amọ̀nà kan sí oníbàárà kan. A dé ibùdó kejì, amọ̀nà méjì ṣàìsàn, ló bá ku ẹyọ kan ṣoṣo fún àwa mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í bì lóru, gbogbo wa la jọ sọ̀ kalẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ ohun tó tọ́ ni amọ̀nà yẹn ṣe. Àwọn tó rán an níṣẹ́ ni kò ṣe ohun tó tọ́. Torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí amọ̀nà bá ṣàìsàn.

Ìkejì ni ọ́síjìn. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè bóyá ó wà, torí gbogbo wọn á ní ó wà. Ẹ bèèrè iye sílíńdà tó jẹ́ tiyín, iye tó jẹ́ ti amọ̀nà yín, àti ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Sílíńdà onílítà 4 tí wọ́n rọ kún dáadáa máa ń gbé nǹkan bí lítà 1,000 sí 1,200 ọ́síjìn. Tí ẹ bá ń fa lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, ó máa tó yín fún wákàtí 8 sí 10. Tí ẹ bá ṣí i sí lítà 4, ìdajì rẹ̀ ni. Ẹ wá fi ìyẹn ṣírò láti ibùdó kẹrin dé ṣóńṣó òkè, kí ẹ tún padà wálẹ̀, kí ẹ sì ka àkókò tí ẹ máa fi dúró tí èèyàn bá tò sórí okùn níwájú yín mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní sílíńdà kan ti tó, ẹ má fún un lówó yín.

Ìkẹta, ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń san fún amọ̀nà àti aláàárù, àti irú adójútòfò tí wọ́n ra fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti bèèrè. Ní April 18, 2014, yìnyín ńlá ya lulẹ̀ ní Khumbu lójú ọ̀nà Everest, ó pa òṣìṣẹ́ 16, ọmọ Nepal ni gbogbo wọn. 40,000 rúpì Nepal ni ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ fún ẹbí kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 400 dọ́là. Inú bí àwọn tó kù, iṣẹ́ sì dúró lórí òkè yẹn lọ́dún náà. Àwọn wọ̀nyí ló ń gbé àgọ́ wa, oúnjẹ wa àti ọ́síjìn wa, àwọn ló ń so okùn tí a fi ń gòkè. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè dá yín lóhùn lórí èyí, bó ṣe máa ṣe ẹ̀yin náà nìyẹn tí wàhálà bá dé.

Àjàní_Houston

Ẹ̀gbọ́n ti là á mọ́lẹ̀. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ má rò pé èyí tó wọ́n jù ló dáa jù. Lára ohun tó ń fa owó gọbọi ni amọ̀nà òyìnbó, dókítà tó ń bá ikọ̀ gbé, àgọ́ ìjẹun tí wọ́n ń mú gbóná àti ọtí òun ẹran. Dókítà yẹn wúlò. Ti ẹran, ẹ̀yin lẹ máa sọ. Lóde òní, àwọn ọmọ Nepal fúnra wọn ló ni púpọ̀ nínú ilé iṣẹ́ tó dáńgájíá. Ní January 16, 2021, ọmọ Nepal mẹ́wàá ló kọ́kọ́ dé orí K2, òkè tó ṣìkejì nínú àwọn tó ga jù láyé, nígbà òtútù, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Lọ́dún yẹn kan náà, Mingma G, amọ̀nà ọmọ Nepal, ló kó ikọ̀ rẹ̀ dé ṣóńṣó Manaslu gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, àìmọye èèyàn ń dúró lórí ṣóńṣó kékeré kan tó wà níwájú, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì gbà pé àwọn ti dé. Àwòrán tí wọ́n fi dúróònù yà lókè ló tú u fó. Torí náà ẹ bi wọ́n: okùn yín, ibo ló dé?

Ẹ wo inú "gbogbo nǹkan" ọ̀hún dáadáa. Nígbà tèmi, 6,800 dọ́là ni mo ná lórí ohun tí kò sí nínú iye tí wọ́n dá: ọkọ̀ òfuurufú, bàtà àti aṣọ ìyẹ́ tó bo èèyàn látorí dẹ́sẹ̀ (ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju 1,000 dọ́là lọ), adójútòfò, owó ìdúpẹ́ fún àwọn alásè, àti owó tí wọ́n ń fún amọ̀nà tí ẹ bá dé orí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ bèèrè iye rẹ̀ ṣáájú, ẹ sì kó o pa mọ́ lọ́tọ̀. Èmi máa ń fún wọn bí a ò tiẹ̀ dé orí, torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò dín.

Adójútòfò: ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ gíga òkè síbẹ̀. Adójútòfò arìnrìn-àjò lásán kì í bo òkè bí irú èyí, àwọn kan ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ okùn. Èyí tó máa san owó hẹlikọ́pítà, tó sì gba 8,163 mítà, ni kí ẹ rà. Kí nọ́ḿbà wọn wà lọ́wọ́ yín, lọ́wọ́ amọ̀nà, àti lọ́wọ́ ẹnì kan nílé. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú o. Ní 2018, ìjọba Nepal ṣèwádìí àwọn tó ń fi hẹlikọ́pítà gbé aláìsàn tí kò nílò rẹ̀, kí wọ́n lè rí owó gbà lọ́wọ́ adójútòfò. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ wọ hẹlikọ́pítà nítorí orí fífọ́ lásán, ẹ kọ́kọ́ pe adójútòfò yín.

Nǹkan kan tó wù mí kí gbogbo wa mọ̀: Sherpa kì í ṣe orúkọ iṣẹ́. Ẹ̀yà kan ni, bí ẹ ṣe ń gbọ́ Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú. Ẹni tó gbé ẹrù yín lè jẹ́ Rai, Tamang tàbí Gurung. Ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀. Àwọn Sherpa máa ń fi ọjọ́ ìbí sọ ọmọ bí àwa náà ṣe ń sọ ọmọ ní Jímọ̀ tàbí Abọ́sẹ̀dé: Dawa ni ti ọjọ́ Ajé, Mingma ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Pasang ti ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló di ìtàkúrọ̀sọ èmi àti amọ̀nà mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Nọ́ọ̀sìBùnmi

Àǹtí Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ẹ fara balẹ̀ kà á. Nọ́ọ̀sì ni mí ní London, mo sì ti bá ikọ̀ lọ sí Khumbu lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìwé tí wọ́n máa fún yín nípa ìlera, ara òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn nǹkan kan wà tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: kí ni jẹnotáìpù yín? Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ nígbà tí ìgbéyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà a gbàgbé ẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Nílé, AS kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Lórí òkè gíga, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Tí ọ́síjìn bá wọ́n, tí omi sì gbẹ lára, ẹ̀jẹ̀ AS lè tẹ̀ bíi ti SS, kó dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì. Apá kan rẹ̀ á wá kú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò tíì dé ibi tó ga tó Kilimanjaro. Mi ò ní kí AS má lọ. Ọ̀pọ̀ AS ti gun òkè lọ, wọ́n ti sọ̀ wálẹ̀, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ mọ̀, kí ẹ lọ rí dókítà ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì sọ fún amọ̀nà yín. Tí ẹ bá jẹ́ AS, tí ìrora wọlé sábẹ́ ìhà òsì, bóyá tó ń ta dé èjìká, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà ibùdó tí kò tọ́jú ọmọ adúláwọ̀ rí lè rò pé inú rírun ni. Ẹ̀yin lẹ máa là á lóye. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ rárá.

Òtútù ló kàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé òtútù tètè ń pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tí ìran wọn wá láti Áfíríkà lára ju ti àwọn òyìnbó lọ, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ gan-an. Nítorí náà, tí òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ní ibọ̀wọ́ tinrin tó òun, ẹ má fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n. Àwọn ìwé sì ní kí ẹ wo bóyá ìka ti funfun tàbí ti pọ́n. Lára tiwa, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ó lè kàn rí bí awọ tí kò rí ìpara láti àárọ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi kàn án. Tó bá tutù, tó le bí àbẹ́là, tí ẹ ò sì mọ̀ ọ́n lára, òtútù ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ má fi yìnyín ra á. Ẹ má sì yọ́ ọ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó bá lè tún dì kí ẹ tó délẹ̀, torí dídì ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń gé ìka.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti fi wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀: alaalẹ́ ni wọ́n máa fi wò yín. Lára awọ dúdú, ó lè pe iye tó ga ju bó ṣe rí lọ. Ní 2020, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà rí i pé lára àwọn aláìsàn tó jẹ́ adúláwọ̀, ẹ̀rọ yìí kùnà láti rí ọ́síjìn tó ti lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Tí ẹ̀rọ bá ní ẹ wà dáadáa, tí ara yín ní rárá, ara yín ni kí ẹ gbọ́.

Ti àìsàn òkè gíga fúnra rẹ̀, ẹ ti mọ díẹ̀ láti Kilimanjaro. Tí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí ẹ máa sùn kò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ, kí ẹ sì máa sinmi ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Orí fífọ́ àti oúnjẹ tí kò wọlé, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má gòkè sí i. Ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí kò lè gbé gìgísẹ̀ kan síwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì kó sì rìn tààrà, ọpọlọ rẹ̀ ló ń wú. Ẹni tí kò lè mí dáadáa lórí ìjókòó, tó ń wúkọ́ tí itọ́ rẹ̀ ń hó, omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ń pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Oògùn wà, ọ́síjìn wà, àmọ́ ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ní ti Diamox, oògùn tí wọ́n ń lò fún àìsàn òkè gíga, tí Septrin tàbí Fansidar bá ti bá ara yín jà rí, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́ fún yín, torí ìbátan ni wọ́n.

ÒkèÌdànrè

Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì. Mi ò mọ ti ẹ̀rọ ìka yẹn rí, ó sì ti há mi níka.

Èmi ń gbé Àkúrẹ́, Mera Peak ni mo gùn, 6,476 mítà. Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa físà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń gba físà Nepal nígbà tí wọ́n bá dé pápákọ̀ òfuurufú Kathmandu. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ilé aṣojú Nepal ni kí ẹ ti gbà á kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan wà ní London. Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kọ ìwé tó fi hàn pé ẹ ti forúkọ sílẹ̀, kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà kan sí èkejì. Tèmi, wọ́n yọ "ọlá" kúrò nínú orúkọ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi pẹ́. Ẹ mú káàdì ibà pọ́njú dání, ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà kí físà tó jáde.

Ìmúra ara: mi ò ní yìnyín nílé. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ni mo fi kọ́ ara mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi lẹ́yìn. Màá gbé omi gòkè, màá dà á nù lókè kí orúnkún lè rímú mí nígbà tí mo bá ń sọ̀. Ó tó mi fún ẹsẹ̀ àti èémí. Kò tó fún okùn. Ẹ so okùn mọ́ igi tàbí sára ògiri, ẹ wọ ibọ̀wọ́ tó nípọn jù lọ, kí ẹ máa fi jumar, irin tó ń di okùn mú, gùn ún, kí ẹ máa fi carabiner kan, irin ìkọ́ tó ń ṣí tó ń pa dé, kọ́ kí ẹ tó yọ èkejì, nínú òkùnkùn, títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n láìwò. Lókè, ẹni tó bá bọ́ ibọ̀wọ́ láti lè rí irin kọ́, ìka rẹ̀ ló ń tà.

Tèmi_Arìnkè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa obìnrin, torí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Island Peak àti Lobuche ni mo ti gùn.

Irun: ẹ di kòlẹ́sẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí, kó má ga. Ṣùkú ò lè wọ abẹ́ akoto. Ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i, ó ń tutù bí irin. Ojú: àwọ̀ wa kò ní kí oòrùn má jó wa. Yìnyín ń ta ìtànṣán padà láti ìsàlẹ̀, abẹ́ imú àti ètè ló kọ́kọ́ bó lára mi. Ìtọ̀: ike fún òru, àti ohun èlò tí obìnrin fi ń tọ̀ lórí ìdúró. Ẹ fi dánra wò nílé nígbà púpọ̀, torí inú àgọ́ ní 6,000 mítà kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Nǹkan oṣù lè yí ọjọ́ padà lókè, ẹ mú ohun tó máa tó oṣù méjì. Ìgbẹ́ náà ní òfin: láti 2024, wọ́n ti ní kí àwọn tó ń gun Everest máa kó tiwọn sínú àpò kan, kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí lórí òkè gbogbo nìyẹn.

Oúnjẹ: gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ gbọ́ mi. Omi ń hó kí ó tó gbóná dáadáa lókè, ìrẹsì kì í tètè jinná, gàrí ò bèèrè iná. Ẹ bù ú sínú omi tútù, ṣúgà, ẹ̀pà, ó ti parí. Ẹ mú ata gígún náà dání. Ìrẹsì àti ẹ̀wà olómi tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, dal bhat, dára gan-an, wọ́n á sì máa bù sí i fún yín. Àmọ́ tí ẹ bá kọjá ibùdó kejì, ẹnu á kọ gbogbo nǹkan. Ohun tí ẹ mọ̀ láti kékeré nìkan ni ẹnu á gbà.

AbdulWàhéèdì_Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ètò ẹ̀sìn kan wà kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan òkè. Ṣé dandan ni fún Mùsùlùmí?

Tèmi_Arìnkè

Puja ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín. Àmọ́ ẹ má rìn kúrò. Àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀mí wọn wewu nítorí yín kò ní gòkè kí wọ́n tó ṣe é. Mo jókòó, mo ṣí orí mi sílẹ̀, mo gba àdúrà tèmi nínú ọkàn mi.

ỌmọÒwu

Ní Samagaon lẹ́sẹ̀ Manaslu, òkè yẹn kì í ṣe òkè lásán fún wọn. Ní 1954, àwọn ará abúlé náà ò jẹ́ kí àwọn ará Japan kọjá, torí wọ́n gbà pé bíbọ̀ wọn ti bí òrìṣà òkè nínú. Ọdún 1956 ni Toshio Imanishi àti Gyalzen Norbu tó dé orí rẹ̀. Àwa tí a ti ń gbọ́ ìtàn Olúmọ láti kékeré, ó yẹ kó tètè yé wa.

ÌyáTíwà

Àdùkẹ́ ọmọ mi, gbogbo èèyàn ti dá ẹ lóhùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni mò ń bá kiri. Mi ò gun òkè rí. Ọmọkùnrin mi ló gùn ún. Ó lọ sí Nepal ní 2019 láìsọ fún mi, fọ́tò orí fóònù ẹlòmíràn ni mo ti rí i. Ó délé láyọ̀, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn tó dé ni mo rí ìwé kan nínú àpò rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ní kó fọwọ́ sí: tó bá kú, ṣé kí wọ́n gbé e wálé, kí wọ́n sun ún ní Kathmandu, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ sórí òkè. Ó ti mú ọ̀kan. Ó ti dáhùn ohun tó yẹ kí àwa méjèèjì jọ sọ.

Mi ò ní kí o má lọ. Sọ fún màmá rẹ kí o tó sanwó. Sọ ọjọ́ tí wàá wà níbi kan àti ọjọ́ tó ò ní lè pè. Kí ilé iṣẹ́ ní nọ́ḿbà ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá nínú ẹbí, kí ó má jẹ́ àjèjì ló máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ fún un. Kí o sì fún un lédè tó lè fi gbàdúrà, torí ìyá tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ibo ló máa dojú àdúrà kọ?

Àdùkẹ́Mọ́níyà

Ẹ ṣé, màmá. Ẹ ṣé, gbogbo yín. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé, èsì dé lánàá. AS ni mí. Mo ti dé orí Kilimanjaro láìmọ̀. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, mi ò ní parọ́. Mo rántí pé ẹ̀gbẹ́ kan ń dùn mí nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀, mo rò pé okùn àpò ni.

Nọ́ọ̀sìBùnmi

Ẹ̀gbẹ́ wo?

Àdùkẹ́Mọ́níyà

Òsì.

Nọ́ọ̀sìBùnmi

Ó lè jẹ́ okùn àpò lóòótọ́. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ fún dókítà ẹ̀jẹ̀ yín gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán ọlọ inú yín. Ẹ má san owó àsansílẹ̀ kí èsì yẹn tó dé. Ẹ má fi ṣòfò ọkàn o, ẹ kàn mọ̀ ọ́n ni.

ỌmọÒwu

Àǹtí, mo ṣèlérí ìtàn mi, ẹ gbọ́ ọ báyìí.

Ní ibùdó ìsàlẹ̀, èmi àti amọ̀nà mi jọ fẹnu kò pé tó bá ní ká padà, mi ò ní jiyàn. Ọjọ́ tí a ń gòkè, ilẹ̀ ti mọ́, mo ń rí ṣóńṣó òkè. Mo rò pé mò ń ṣe dáadáa. Ó dá mi dúró, ó wò mí lójú, ó ní kí n dárúkọ àwọn ọmọ mi. A ti jọ sọ̀rọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mẹ́rin ni wọ́n, ó mọ orúkọ wọn dáadáa. Mo dárúkọ mẹ́ta. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún dárúkọ mẹ́ta, inú tiẹ̀ ń bí mi pé ó ń fi àkókò wa ṣòfò. Kò sọ nǹkan kan. Ó yí mi padà, ó fi okùn mi kọ́ sísàlẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibùdó kẹrin kó tó rí i pé ọ̀nà ọ́síjìn mi ti dì, kò sí nǹkan kan tó ń wọlé sí mi nímú. Ọmọbìnrin mi kejì ni mo gbàgbé. Ó ti mọ̀, mo sọ fún un.

Ilé iṣẹ́ ò dá kọ́bọ̀ padà, kò sì yẹ kí wọ́n dá a. Torí èyí ni mo ṣe fi ẹni tó ń bá yín lọ ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ yín kí ẹ tó jọ dé ibẹ̀.

Àdùkẹ́Mọ́níyà

Mo ti ka èyí fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí mo ti pinnu rèé. Manaslu máa dúró. Tí dókítà bá fọwọ́ sí i, Mera Peak ni mo fẹ́ lọ ní October, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó dá gbogbo ìbéèrè nípa owó amọ̀nà lóhùn láìfi nǹkan pa mọ́ (àwọn olówó 13,000 ni, kò yà mí lẹ́nu mọ́). Mo ní kí amọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fún mi fún Manaslu jẹ́ ẹni tó máa bá mi lọ Mera, wọ́n gbà. Mo sọ fún màmá mi lálẹ́ àná. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá bèèrè bóyá èmi ni mo máa gbé ẹrù ara mi. Lónìí wọ́n pè, wọ́n ní kí n fi máàpù ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ÒkèÌdànrè, ẹ jọ̀ọ́: ti Mera, ṣé mo lè yá bàtà níbẹ̀ àbí kí n rà á?

ÒkèÌdànrè

Ẹ lè yá a ní Thamel ní Kathmandu tàbí ní Khare lẹ́sẹ̀ òkè. Àmọ́ nọ́ḿbà kékeré máa ń tètè tán ní Khare, nítorí náà ẹ yá a ní Thamel, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ méjì wọ̀ ọ́, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè máa mira. Ẹ rántí pé ní October, Ramechhap, tó jìnnà sí Kathmandu, ni ọkọ̀ òfuurufú Lukla, ibi tí ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀, ti sábà máa ń gbéra. Òru ni wọ́n máa wá gbé yín ní Kathmandu. Nọ́ḿbà mélòó lẹ̀ ń wọ̀?

Àdùkẹ́Mọ́níyà

40.

ÒkèÌdànrè

Aya mi ní 41 tó lò lẹ́ẹ̀kan. Ó ń bọ̀ ní Manchester lóṣù tó ń bọ̀, màá fi rán an.